Ọ̀nà tí Mo Fi Ìbínú Là Nínú Àbàtà

Ìbínú ni mo fi tún ọkọ̀ náà ṣe. Mo fẹ́ tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọgbọ́n ni, tàbí pé mo jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn irin àti ọ́ìlì láti kékeré. Mi ò fẹ́ràn wọn. Ọkùnrin kan ló dí ọ̀nà mọ́ mi, mo sì búra pé màá máa kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ títí ojú yóò fi tì í.

Ìkòtún là ń gbé nígbà náà, èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ, nínú yàrá méjì ní ilé kan tí àwa ayálégbé mẹ́sàn-án jọ ń pọn omi nínú kànga kan ṣoṣo. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba. Mo ní píkọ́ọ̀pù kan, ará Japan, tó ti rìn káàkiri kó tó bọ́ sọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ mi ò ju pé kí n lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìgàndó láàárọ̀, kí n kó ẹ̀gẹ́ àwọn obìnrin tó ń dáko níbẹ̀, kí n gbé àwọn àti ẹrù wọn wá sí ọjà Ìkòtún. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń ṣe é. Àwọn obìnrin yẹn mọ ìró ọkọ̀ mi láti òkèèrè. Bí mo bá pẹ́, wọn á jókòó sórí àpò ẹ̀gẹ́ wọn dè mí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í fi ọjọ́ púpọ̀ dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú. Ohun tí a ń jẹ nílé wa wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, ohun tí wọ́n ń jẹ náà wà lọ́wọ́ táyà mi.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mọ́tò lè gbà dé abúlé náà, ọ̀nà yẹn sì gba iwájú ilé ọkùnrin tí mò ń sọ yìí. Bàbá onílẹ̀ ni, olórí ẹbí kan tó ti wà níbẹ̀ kí ìjọba tó mọ̀ pé ibi kan ń jẹ́ Ìgàndó. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti lọ sí Mẹ́kà, fìlà funfun kì í sì í kúrò lórí rẹ̀. Tó bá ti kírun àárọ̀ tán, á gbé àga onígi rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa wo ọ̀nà. Mo máa ń pa iná ọkọ̀, màá sọ̀ kalẹ̀, màá dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo ń sọ èyí nítorí pé àwọn kan ní àìlẹ́kọ̀ọ́ mi ló dá ọ̀ràn sílẹ̀.

Igi pèrègún ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn ni ilẹ̀ Bàbá ti pààlà pẹ̀lú ilẹ̀ ẹbí mìíràn, pèrègún ni wọ́n sì gbìn sí ààlà náà bí àwọn baba wa ti máa ń ṣe. Ní ọjọ́ òjò kan, ọkọ̀ mi yọ̀, ó wó pèrègún méjì lulẹ̀. Mo lọ bẹ Bàbá. Ó ní kò burú, àwọn ọmọ òun á tún un gbìn. Wọ́n tún un gbìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọjá lọ́jọ́ kẹta, mo rí i pé pèrègún ti ṣí kúrò níbi tí mo ti wó o, ó ti wọ inú oko onílẹ̀ kejì lọ bí ẹni lọ kí àna. Mo rí i, mo dákẹ́. Kí ló kàn mí ńbẹ̀?

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ dé iwájú àwọn àgbà àdúgbò. Ẹbí kejì ní wọ́n ti jẹ ilẹ̀ àwọn. Bàbá ní pèrègún kì í purọ́, ibi tó bá hù sí ni ààlà wà. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí, pé èmi tí mò ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, tí mi ò sì bá ẹnikẹ́ni tan nínú wọn, kí n wá sọ ohun tí mo bá mọ̀. Mo sọ ọ́. Mo ní èmi ni mo wó igi náà, mo sì mú wọn dé ojú ibẹ̀ gan-an. Kùkùté rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ó tilẹ̀ ti ń rú ewé tuntun lábẹ́ koríko. Bí ilẹ̀ ṣe bọ́ lọ́wọ́ Bàbá nìyẹn, níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ìyàwó ilé.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo bá òpó igi méjì níwájú ilé rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n sì gbé ọ̀pá irin gùn wọ́n. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ló dúró tì í. Kẹ̀kẹ́ kan dé, ọmọ náà gbé ọ̀pá náà sókè, kẹ̀kẹ́ kọjá. Ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì dé, ó tún gbé e sókè. Ó kàn mí, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Bàbá ní ọkọ̀ tiyín ò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ àwọn mọ́," ó wí.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ bá Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò ní kí n dìde.

"Ìwọ tó o mọ ààlà ilẹ̀ ju onílẹ̀ lọ," ó ní, "ṣé o ò wá mọ ọ̀nà míì ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ̀gẹ́ àwọn obìnrin yẹn máa bàjẹ́."

"Kò ṣòro. Padà lọ bá àwọn àgbà tó o ba ilé mi jẹ́ níwájú wọn. Sọ fún wọn pé irọ́ lo pa, màá gbé irin kúrò."

"Bàbá, òótọ́ ni mo sọ."

"Ó dáa. Òótọ́ ọ̀hún ni kó o gùn lọ sóko."

Àkọ́bí rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo dìde nílẹ̀, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò láyà, mo yí ọkọ̀ padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo wà lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí àwọn obìnrin náà ń bọ̀, tí wọ́n ru ẹ̀gẹ́ wọn sórí, tí ọrùn wọn ń gbọ̀n. Wọn ò bú mi. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kàn sọ pé, "Ọkọ wa, kí lẹ̀yin àti Bàbá jọ ń jà lé lórí tí ẹrù wá di tiwa?" Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kórìíra ọkùnrin náà, ìkórìíra tó máa ń jí mi kí ìpè ìrun mọ́ṣáláṣí tó jí mi.

Ìyàwó mi ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹnu la fi ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ, kí n kàn sọ pé irọ́ ni kí n lè máa bá iṣẹ́ mi lọ. Mo bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ́ ọmọ òpùrọ́ nígbà tí baba wọn ò purọ́. Ó ní òun ò fẹ́. Kò bá mi sọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mí kanlẹ̀ tó bá ń ro ọbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí Bàbá fi mí ṣẹ̀fẹ̀ yẹn, ó wà lóòótọ́. Àbàtà ni. Kí èèyàn tó dé ọ̀pá irin, á rí i lọ́wọ́ òsì, ilẹ̀ olómi gbalasa tó kún fún eèsún àti igi ògùrọ̀. Ó gba iwájú ilé Bàbá ní ọ̀ọ́kán, ó lọ títí, ó sì parí sí ẹ̀yìn oko àwọn obìnrin náà. Àwọn tó ń já ewé iran nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Mo bi àwọn obìnrin náà bóyá wọ́n á gbà kí n máa gba ẹ̀yìn oko wọn wọlé. Wọ́n ní tayọ̀tayọ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí. Ta ló ń bèèrè ẹni tó ni àbàtà?

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú, ọkọ̀ mi ò rìn ju ìwọ̀n ilé mẹ́ta lọ tó fi rì dé ilẹ̀kùn. Àkọ́bí Bàbá pe àwọn àbúrò rẹ̀ jáde kí wọ́n wá wò mí. Wọ́n jókòó sórí pákó, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísè, wọ́n ń wo èmi àti obìnrin mẹ́jọ bí a ṣe ń fi okùn fa píkọ́ọ̀pù jáde láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Bàbá náà ń wò. Kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, èyí sì dùn mí ju ẹ̀rín àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Mẹkáníìkì mi wà ní Òkè-Odò. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, wòlíì sì ni nínú ìjọ wọn, nítorí náà àwa oníbàárà rẹ̀ ń pè é ní Wòlíì. Lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ̀ ẹlẹ́rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé. Ó wọ sùtánà funfun, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn láàárín ọ́ìlì dúdú, kò sì sí ẹ̀kán kan lára aṣọ rẹ̀. Mo dúró títí ó fi pààrọ̀ aṣọ, nítorí kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì nínú sùtánà.

"Kí lẹ fẹ́ kó máa ṣe?" ó bi mí.

"Kó máa la àbàtà kọjá, kó má sì máa mu epo."

"Ohun méjì tó ń bá ara wọn jà lẹ sọ yẹn o. Ọkọ̀ tó bá ń gun ẹrẹ̀, epo ló ń mu."

Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá gbé Èkó nígbà yẹn ló mọ ohun tí mò ń wí. Epo bẹntiróòlù ti di góòlù. Mo ti tò sórí ìlà ní ilé epo kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ Pleasure láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ rí, kí wọ́n tó wá sọ fún wa pé ó ti tán. Ọ̀nà àbàtà sì gùn ju ọ̀nà Bàbá lọ, jíà kékeré sì ni èèyàn máa fi rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí mo bá la àbàtà kọjá tán tí epo jẹ gbogbo èrè mi, Bàbá ló borí.

Wòlíì bi mí pé ta ni mò ń bá jagun. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó ronú díẹ̀. "Mi ò ní bá yín gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ yìí," ó ní. "Ọkọ̀ yín ni mo máa tún ṣe."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. Ẹran ara ọkọ̀ la kọ́kọ́ gé. Wòlíì ní gbogbo irin tí ọkọ̀ bá ń rù lásán, epo ló fi ń rù ú. A yọ bọ́ńpà iwájú àti tẹ̀yìn. A yọ irin ìkẹ́rù tó wà lórí. A yọ àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, a fi pákó kan rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ tó jẹ́ irin la tú kalẹ̀, a ní kí káfíńtà fi pákó igi afárá kan òmíràn, nítorí igi yẹn fúyẹ́. Èmi fúnra mi ni mo tú ọ̀pọ̀ nínú àwọn bóòtù náà. Tí mo bá fi sípánà mú ọ̀kan tó ti dípẹtà, ojú Bàbá ni mò ń rí, màá sì fi agbára yí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó bọ́ sórí ẹ́ńjìnnì. Ó tú kábúrétọ̀, ó yọ ojú ihò tí epo ń gbà kọjá, ó fi èyí tó kéré jù ú lọ síbẹ̀. Ó yí dísíríbútọ̀ díẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì máa tètè tàn, ó tún tápẹ́ẹ̀tì tó ń ró kọ̀kọ̀ ṣe, ó ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bí ìyá tó ń tẹ́tí sí àyà ọmọ. Ó kọ́ mi pé n ò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ àsẹ́lérétọ̀ lójijì mọ́, kí n máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ẹyin wà lábẹ́ bàtà rẹ̀. Inú bí mi sí ìyẹn. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ máa bú ramúramù níwájú ilé ọ̀tá mi. Wòlíì ní tí mo bá fẹ́ bú ramúramù, kí n lọ ra epo tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ti àbàtà ló ṣe kẹ́yìn. Ó lọ wá ewé sípíríǹgì lára lọ́rí tó ti kú, ó fi méjì méjì kún tèmi, ọkọ̀ ga sókè bí ẹni tó ká ṣòkòtò. Ó wá táyà tó ga, tó ní eyín jíjìn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó fẹ̀, ó ní táyà tó fẹ̀ ń wọ́ ọkọ̀ sẹ́yìn, epo ló sì ń jẹ. Ó yọ ọ̀pá sáléńsà kúrò nísàlẹ̀, ó gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ilé awakọ̀ lọ sókè kí omi má baà wọ̀ ọ́. Ó fi rọ́bà tíúbù àti gíríìsì di dísíríbútọ̀ bí ẹni di ọmọ nínú òtútù. Ó ní kí n máa tú bẹ́líìtì fáànù tí mo bá dé ibi tí omi ti jìn, kí fáànù má baà fi omi wẹ ẹ́ńjìnnì.

Ohun tó ṣe gbẹ̀yìn ni mi ò tíì gbàgbé. Ó tú jíà ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀pá táyà méjèèjì ti pàdé, ó ní kí wẹ́dà jó àwọn eyín inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Ó ṣàlàyé pé nínú ẹrẹ̀, táyà kan a máa yí lásán, ekejì a sì dúró máa wò ó. Tí a bá jó wọn pọ̀, wọ́n á jọ yí ni, ì báà dùn, ì báà kan. "Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbádùn rẹ̀ lórí títì o," ó wí. Òótọ́ ni. Láti ìgbà náà, gbogbo kọ́nà tí mo bá yà lórí ọ̀dà ni táyà ẹ̀yìn máa ń han. Ní Ìyànà Ìpájà, àwọn ọlọ́jà a yíjú, kọ́ńdọ́kítọ̀ a ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yín ń sunkún o, ẹ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún jàre." Mo ba ọkọ̀ mi jẹ́ fún gbogbo ọ̀nà ayé kó lè rìn lórí ẹyọ kan.

Ó sì rìn ín. Àárọ̀ ọjọ́ náà, mo yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú táyà, mo wọ àbàtà ní jíà kìíní, mi ò dúró. Ẹrẹ̀ bò mí lójú, omi dé orí ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀, eèsún ń wó níwájú mi. Nígbà tí mo dé ọ̀ọ́kán ilé Bàbá, mo tẹ hóònù, mi ò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ títí mo fi kọjá tán. Bàbá wà lórí àga rẹ̀. Ó wò mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn obìnrin náà fi àtẹ́wọ́ pàdé mi lódìkejì, èmi sì bú sẹ́kún lórí sítíárì, nítorí inú mi dùn jù.

Ojoojúmọ́ ni mo tẹ hóònù yẹn. Mi ò tijú láti sọ pé ó dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí òjò bá pọ̀, tí ìbà bá ń ṣe mí, màá dìde. Ìyàwó mi a ní kí n sinmi, màá ní Bàbá á rò pé ó ti rẹ̀ mí. Aṣọ mi kì í mọ́. Ó máa ń rẹ wọ́n sínú ọpọ́n méjì, omi àkọ́kọ́ a dúdú, omi kejì náà a dúdú.

Wòlíì ló tún kọ́ mi ní ọgbọ́n kan tó ṣe mí bó ṣe ṣe mí. Ó ní tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá fúyẹ́ jù, táyà ò ní lè di ilẹ̀ mú nínú ẹrẹ̀, nítorí náà n ò gbọdọ̀ lọ lófìfo. Ni mo bá ń kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń gbá wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá, mò ń kó èèpo ẹkùrọ́, mò ń kó ìtì ọ̀pẹ. Màá kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ láàárọ̀ kó lè wúwo, tí mo bá sì dé ibi tó rọ̀ jù nínú àbàtà, màá dà á síbẹ̀ kí n lè ráàyè kó ẹ̀gẹ́ bọ̀. Lójoojúmọ́ ni. Ibi tí mo ti rì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo lè dúró síbẹ̀ wọ bàtà. Lọ́dún kejì, mi ò tú bẹ́líìtì fáànù mọ́.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipa táyà mi. Àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni alùpùpù. Àwọn ìjọ kan tó ń wọ aṣọ funfun rí i pé ọ̀nà náà dé etí odò, wọ́n ń gba ibẹ̀ lọ wẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọn ò sì ní bàtà lẹ́sẹ̀. Níkẹyìn àwọn ọlọ́kọ̀ tí wọ́n ń gbé irin sókè fún níjọ́sí pa ọ̀nà Bàbá tì, wọ́n ní tèmi le ju tirẹ̀ lọ. Ewé ejìnrìn gun ọ̀pá irin yẹn. Mo dúró lọ́jọ́ kan, mo wo ejìnrìn náà dáadáa, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, mo sì ti rí i gbà.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ dí mi lọ́wọ́. Àkọ́bí rẹ̀ gbé àdá wá sí etí àbàtà lọ́jọ́ tí mò ń da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Bàbá jókòó síbi tó wà, ó kàn gbé ọwọ́ sókè, ó jù ú sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ náà sì padà. Mo ròyìn rẹ̀ káàkiri Ìkòtún pé Bàbá ti ń bẹ̀rù mi.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kẹta, mo bá àwọn ọkùnrin mẹ́rin lójú ọ̀nà mi. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọ̀pá, wọ́n ń ri òkúta sìmẹ́ńtì mọ́lẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, ó tò lọ bí eyín. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní wọ́n ń pín púlọ́ọ̀tì. Mo ní ta ló ni ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn yọ ẹnu sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò dọ̀bálẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kí mi, ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi.

"Ilẹ̀ tí baba mi fi sílẹ̀ fún mi," ó ní, "èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àbàtà ni. Láti ìgbà tí mo ti jẹ olórí ẹbí ni mo ti ń wá ẹni tó máa rà á. Wọ́n á dé etí omi, wọ́n á padà. Ta ló máa kọ́lé síbi tí ọkọ̀ ò lè gbé búlọ́ọ̀kù dé?"

"Ẹ̀ ń wò mí láti ọjọ́ kìíní."

"Mò ń wò ọ́."

"Ẹ ò sọ fún mi pé tiyín ni."

"O ò bi mí. Ìwọ tó o mọ ààlà." Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ọmọ mi fẹ́ dá ọ dúró, mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀. Ta ló ń lé alágbàṣe tí kò gba owó? Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Kò burú. Mú púlọ́ọ̀tì kan níbẹ̀, èyí tó bá wù ọ́, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ."

Mo sọ fún un pé ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n máa sùn nínú píkọ́ọ̀pù mi títí ayé. Mo sọ àwọn nǹkan mìíràn tí kò yẹ kí ọmọ fi ẹnu sọ sí ẹni tó tó bàbá rẹ̀ í bí, mi ò sì tíì kábàámọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní kí n kí ìyàwó mi.

Mo délé, mo ròyìn fún ìyàwó mi. Ó jókòó ti ọpọ́n aṣọ rẹ̀, ó gbọ́, ó ń fọ aṣọ lọ. Lọ́jọ́ kejì ó wọ ìró àti bùbá tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jáde, kò sọ ibi tó ń lọ. Nígbà tó dé, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé náà. Ó ti lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá, ó ti lọ yan púlọ́ọ̀tì tó wà ní kọ́nà, ibi tí mo ti rì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, nítorí ibẹ̀ ni mo da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sí jù.

Mo bi í pé ta ló rán an. Kò gbé ohùn sókè.

"Ìjà tiyín ni," ó ní. "Ilẹ̀ ni tèmi. Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo fi fọ ẹrẹ̀ ilẹ̀ yẹn kúrò lára aṣọ yín. Ṣé ẹ rò pé mi ò ní ìpín ńbẹ̀ ni?"

Mo búra pé mi ò ní sùn níbẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n onílé tí à ń gbé ilé rẹ̀ lé wa jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ fi ilé ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ní ìgbà yẹn, ìyàwó mi ti mọ yàrá kan dé òkè fèrèsé, ó ń fi èrè gààrí tó ń tà ra búlọ́ọ̀kù. Èmi ni mo fi píkọ́ọ̀pù kó wọn. Ó gbé wọn dé láìrì, lórí ọ̀nà tí mo là.

Bàbá kú kí a tó kan òrùlé. Mi ò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ wá fi pátákó orúkọ àdúgbò sí ẹnu ọ̀nà tí mo là, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n bi léèrè, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n kọ sí i, gàdàgbà, ní funfun lórí aláwọ̀ ewé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi ọ̀dà dúdú pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọmọ rẹ̀ tún un kọ, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni pé ta ló ṣe é. Lẹ́tà tó bá máa dé ọ̀dọ̀ mi, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ tèmi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní dé.

Inú ilé yẹn la bí àbíkẹ́yìn wa sí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, tíṣà ní kí olúkúlùkù wọn lọ kọ́ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sórí, nítorí àwọn ọmọ tó máa ń sọnù. Ó kọ́ ọ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, ó ń fò sókè sódò nínú ọgbà, ó ń pe orúkọ Bàbá yẹn bí ẹni ń kọrin. Mo pè é, mo ní kó sọ orúkọ baba tó bí mi fún mi. Ó wò mí, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n.